Ìdí Tí N Kì Í Fi Í Lọ sí Abà Nígbà Ọyẹ́

Ọ̀rẹ́ mi kan ń bẹ ní abà kan lẹ́yìn Ẹ̀rúnmu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dá, tó máa ń sọ pé èmi àti lékelèké ló ń bá ara wa jà. “Bí lékelèké bá ti dé, Tíṣà á lọ. Bí lékelèké bá lọ tán, Tíṣà á tún yọjú.” Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín, èmi náà á bá wọn rín in. Òótọ́ sì ni. Lékelèké kì í pọ̀ lọ́dọ̀ wa àfi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èmi kì í sì í dé abà àfi nígbà òjò. Bí òjò bá ti ń palẹ̀ mọ́, tí koríko bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n létí, ẹsẹ̀ mi á wọ́n lọ́nà Ẹ̀rúnmu títí òjò mìíràn á fi rọ̀. Àwáwí mi kì í sì í tán: ọyẹ́ ò bá mi lára mu, eruku ń fún mi níkọ́, àwọn ọmọ ń bọ̀ wá ṣọdún. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń pa irọ́ yìí. Ọyẹ́ ò ṣe mí ní nǹkan kan. Èmi ni mo ṣe ohun tí mo ṣe nígbà ọyẹ́.

Kí ẹ tó bínú sí mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe fẹ́ràn abà náà tó. Láti Ìwó Road, ẹ ó wọ mícrà tàbí dánfó, ẹ ó gba Adégbàyí àti Alákíà kọjá, ẹ ó sọ̀ ní Ẹgbẹ́dá, ọ̀kadà ni yóò wá gbé yín dé Ẹ̀rúnmu àti iwájú rẹ̀. Nínú oṣù kẹrin, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, èsúnsún á bo àtùpà lálẹ́, àwọn ọmọ á gbé abọ́ omi sábẹ́ iná kí wọ́n lè kó wọn, bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, wọ́n á ti yan án pẹ̀lú iyọ̀. Ìgbín á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ jáde, obìnrin ilé á máa fi tọ́ọ̀ṣì wá wọn lóru. Nínú oṣù keje, ìyeyè á máa já lulẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, òórùn rẹ̀ á kàn yín nímú kí ẹ tó rí igi. Àgbàdo á wà lórí iná láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, débi pé ẹyín á máa ro àlejò. Ẹ̀gà á ya imọ̀ ọ̀pẹ di òwú, wọ́n á máa fi hun ilé, ariwo wọn ò ní jẹ́ kí àgbàlagbà sùn lọ́sàn-án. Nínú oṣù kẹjọ, òjò á sinmi díẹ̀, iṣu tuntun á ti dé. Nínú oṣù kẹsàn-án, òjò á padà pẹ̀lú ìbínú, mọ́tò á rì sẹ́rẹ̀, kòkó á máa dúdú lára igi nítorí àrùn ọ̀rinrin, gbogbo àgbẹ̀ tó lówó oògùn á gbé pọ́ńpù kọ́ ẹ̀yìn.

Gbogbo èyí ni mo mọ̀ bí ẹni mowó. Ohun tútù ni mo mọ̀ ní abà náà. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí bí ìrókò ẹ̀yìn ilé wọn ṣe ń rí nínú oṣù kejì, n kò lè sọ.

Ilé ìwé girama kan náà nígboro Ìbàdàn ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi lọ. Agbo ilé wọn wà nígboro, ṣùgbọ́n abà ni Bàbá wọn ń gbé, bó ti rí fún ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn: ilé wà nílé, oko wà lóko, òkú àti ọdún ló ń pe ará oko wálé. Àmọ́ abà kọ́ ni Bàbá ti lo ìgbà ọ̀dọ́ wọn. Kùmásì ní Gánà ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣòwò, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí ọ̀rẹ́ mi sí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia fún gbogbo àjòjì tí kò níwèé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó jáde ní Gánà. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ló fi ilé àti ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ lọ́hùn-ún, Ògbómọ̀ṣọ́ ni o, Èjìgbò ni o, Ọ̀fà ni o. Bàbá dé pẹ̀lú ìyàwó kan, ọmọ mẹ́ta àti àpótí kan. Wọ́n sá fún Busia lọ́hùn-ún, wọ́n bá Àgbẹ̀kọ̀yà, ọ̀tẹ̀ àwọn àgbẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọlẹ̀ nílé. Wọ́n bá oko kòkó tí bàbá tiwọn gbìn, igbó ti bò ó mọ́lẹ̀. Àdá ni wọ́n fi gbà á padà lọ́wọ́ igbó, ó gbà wọ́n lọ́dún mẹ́rin. Éékà mẹ́fà ni. Ní ọdún tó bá dára, àpò 14 ló ń wá láti inú rẹ̀. Àpò 16 ló ń di tọ́ọ̀nù kan, náírà 1,300 sì ni Kòkó Bọ́ọ̀dù ń ra tọ́ọ̀nù kan nígbà tí mò ń sọ yìí, nígbà tí náírà kan ju dọ́là Amẹ́ríkà kan lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Owó gidi ni.

Nítorí ojú tí Bàbá ti rí, nígbà tí nǹkan dà rú ní Gánà, tí àwọn ará ibẹ̀ wá ń ya wọ ọ̀dọ̀ wa, wọn ò ṣe wọ́n bí àjòjì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà tó bẹ́ẹ̀ á rántí. Ìjọba Bọ́lá Ìgè ṣílé ìwé rẹpẹtẹ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ọmọ Gánà sì pọ̀ nínú àwọn olùkọ́ tó ń kọ́ wọn. Àwọn mìíràn ń rán bàtà, àwọn mìíràn ń mọlé. Ọ̀kan rìn dé abà lọ́dún 1981, ó ń wá iṣẹ́ àgbàṣe. Kófì ni gbogbo wa ń pè é. Bóyá orúkọ rẹ̀ ni o, bóyá òun kọ́ o, n kò bi í rí. Gbogbo ọkùnrin Gánà ni Kófì lẹ́nu wa nígbà náà. Bàbá gbà á síṣẹ́ ọdún. Yóò máa ṣán oko, yóò máa ká kòkó, yóò fọ́ ọ, yóò sá a, bí wọ́n bá ta kòkó tán, kí wọ́n san owó rẹ̀. Lálẹ́, òun àti Bàbá á jókòó síwájú ilé, wọ́n á máa sọ Twi, Bàbá á máa rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ìyá sọ fún wa pé àwọn ò gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn láti Kùmásì.

Ó ní ohun kan tí Kófì máa ń ṣe tó ya gbogbo abà lẹ́nu. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá fẹ́ dá ẹmu, igbà ni yóò fi gun ọ̀pẹ lọ sókè. Kófì kì í gùn ún. Ńṣe ni yóò bi ọ̀pẹ wó lulẹ̀, á jẹ́ kó sùn fún ọjọ́ mélòó kan, á wá gbẹ́ ihò sí i lára. Láàárọ̀ àti lálẹ́, yóò mú ògùṣọ̀ tó ń jó, yóò fi fẹ́ inú ihò náà kí ẹmu lè máa sun dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wọn. Ẹmu náà dùn, a mu ún dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn àgbà abà a máa kùn pé iná àti igbó kì í ṣe ọ̀rẹ́. Kófì á kàn rẹ́rìn-ín, á da omi sórí ògùṣọ̀ rẹ̀, á sì tún ki í bọ yẹ̀pẹ̀. Mo rí i tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì.

Ọjọ́ Mọ́ńdè, ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, ìjọba Shagari kéde pé kí àjòjì tí kò níwèé kúrò ní Nàìjíríà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ti Busia gẹ́lẹ́. Bàbá gbọ́ ọ lórí rédíò, wọ́n ní kí ẹnì kan bá àwọn pa á. Nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì ènìyàn lọ̀rọ̀ náà kàn, ọmọ Gánà nínú wọn sì tó mílíọ̀nù kan. Ẹ ṣáà mọ bí báàgì onílà tí wọ́n fi kó ẹrù ṣe gba orúkọ tó ń jẹ́ títí dòní. Kófì ò tètè lọ. Ẹnubodè Gánà ti wà ní títì láti oṣù kẹsàn-án ọdún tó ṣáájú, kò sì fẹ́ lọ há sójú ọ̀nà. Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 29, ni wọ́n ṣí i. Ọjọ́ náà gan-an ni Kófì gbéra ní ìdájí.

Mo wà níbẹ̀. Mo ti parí Grade II, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nígboro, ọmọ ọdún 21 ni mí, ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè ni mo dé láti wá kí ọ̀rẹ́ mi. Bàbá fún Kófì ní gaàrí àti owó ọkọ̀. Owó iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì pé. Àwọn tó ń gba kòkó ti kó ọjà lọ, wọn ò tíì sanwó. Ó ku náírà 240. Kófì ní kó wà lọ́wọ́ Bàbá. Ó tún ní kí àpótí onígi rẹ̀ kékeré wà nílẹ̀, pé òun á padà wá mú méjèèjì, tàbí kí òun rán ẹni. Bàbá fi Twi dá a lóhùn, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀rẹ́ mi gbé ẹrù rẹ̀ sórí kẹ̀kẹ́, ó sìn ín lọ sí Ẹgbẹ́dá láti wọkọ̀. Kófì ò yà síbì kankan. Láti ẹnu ọ̀nà ilé ló ti bọ́ sójú títì. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọyẹ́ ọdún yẹn kì í ṣe kékeré. Òjò ti tètè dá lọ́dún tó ṣáájú. Òòrùn ò ràn, ńṣe ló ń pọ́n bí epo nínú kùrukùru, ètè gbogbo wa ti là, òrí la fi ń pa á. Lọ́hùn-ún, ní Gánà àti Côte d'Ivoire, iná ń jẹ oko kòkó bí ẹni ń jẹ gúgúrú, àwa ò sì mọ̀. Ewé kòkó tó já sílẹ̀ ti nípọn tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé béèyàn bá ń rìn nínú oko, bí ìgbà tó ń tẹ ìwé ìròyìn ni. Lẹ́bàá oko náà ni ilẹ̀ kan wà tí wọ́n fi sílẹ̀ kó sinmi. Akíntọ́lá-ta-kú ti kún un, ó ti tanná funfun, ó ti gbẹ táútáú.

Ilé dá lẹ́yìn tí wọ́n lọ. Bàbá lọ sí abà kejì, Ìyá lọ sọ́jà. Mo mú àdá, mo mú ìṣáná, mo ní kí n lọ pa òkété. Ẹ̀yin ọmọ oko á ti máa rẹ́rìn-ín. Ọmọ ìgboro ni mí; ọ̀rẹ́ mi ló máa ń pa òkété, èmi a kàn máa dúró tì í, mo fẹ́ kó padà bá ẹran nílẹ̀ kó mọ̀ pé èmi náà tó ọkùnrin. Mo rí ihò kan nídìí ọ̀gán nínú ilẹ̀ gbígbẹ yẹn, kò ju ìwọ̀n ìsọ̀kò lọ sí ọ̀pẹ tí Kófì bì wó. Mo dí àwọn ihò yòókù bí mo ṣe rí i tí ọ̀rẹ́ mi ń ṣe, mo kó ìhá ọ̀pẹ àti ewé gbígbẹ sẹ́nu èyí tó kù, mo ṣáná sí i, mo ń fi ewé fẹ́ èéfín wọlé. Bóyá òkété wà níbẹ̀, bóyá kò sí. Mo fín in fún bíi wákàtí kan, ojú mi pọ́n, nǹkan kan ò jáde. Ó sú mi. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ iná náà, mo bu yẹ̀pẹ̀ lé e lórí, mo lọ sílé lọ sùn.

N kò bu omi sí i. Odò kò tó ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá síbẹ̀.

Àwòdì ló kọ́kọ́ sọ fún wa. Mo jí lọ́sàn-án, mo rí wọn tí wọ́n ń yí po lókè, wọ́n tó ogún, wọ́n ń já wálẹ̀ gbé tata tó ń sá fún iná. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ. Ẹni tí kò bá gbọ́ iná oko rí máa rò pé ìró rẹ̀ á dà bíi ti iná ìdáná. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí òjò ńlá tó ń bọ̀ lórí páànù ni. Gbogbo abà jáde. A fi imọ̀ tútù nà án, àwọn obìnrin ń ru omi láti inú odò tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, àwọn àgbà dáná mìíràn níwájú kó lọ pàdé rẹ̀. Atẹ́gùn ọyẹ́ ń gbé e fò kọjá lórí wa. Nígbà tí ilẹ̀ fi ṣú, ó ti wọ inú kòkó. Kòkó kò ga, èèpo rẹ̀ kò nípọn, ewé tó já sábẹ́ rẹ̀ ló pa á. Kò jó wuwuwu bí igbó. Ó rọra ń jẹ ilẹ̀ lọ lábẹ́ igi, pupa, láìpariwo, a sì ń wò ó.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè, àwọn àgbà dúró sídìí ọ̀pẹ Kófì. Ọ̀pẹ ti jó di èédú. Wọ́n rí orí ògùṣọ̀ nínú eérú. Ẹnì kan ní, “Ṣé mo sọ àbí n ò sọ?” Bàbá ní rárá, pé Kófì kì í fi iná sílẹ̀. Wọ́n tún sọ ọ́, Bàbá tún kọ̀. Ìgbà náà ni àgbàlagbà kan yíjú sí mi. “Tíṣà, ìwọ lo wà nílé. Ǹjẹ́ Kófì yà síbí kó tó lọ?”

Bí mo bá dákẹ́, ìjẹ́wọ́ yìí ì bá kúrú. N kò dákẹ́. Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin bàbá. Ó yà síbí ní ìdájí.”

Ọ̀rẹ́ mi tó sìn ín wò mí. Ó ti wọlé lọ mú kẹ̀kẹ́ jáde ní ìdájí náà, kò lè búra pé òun ò yọjú kúrò lára Kófì. Ó gbàgbọ́. Tíṣà ló sọ ọ́. Bàbá ò sọ ọ̀rọ̀ kan mọ́. Wọ́n kàn jókòó sórí ọ̀pẹ jíjó náà, èédú sì bo aṣọ wọn.

Igi kòkó kì í kú lọ́jọ́ kan. Bàbá ní ká mú sùúrù di ìgbà òjò. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, igi díẹ̀ rú láti ìdí, ikán ti wọ inú ìyókù. Nínú oṣù karùn-ún ni ọkùnrin Gánà kan dé abà, ó ní Kófì ló rán òun, pé òun wá gba náírà 240 àti àpótí. Bàbá wọ inú yàrá, wọ́n rán ọ̀rẹ́ mi síta kó lọ dá a lóhùn. Ọ̀rẹ́ mi yọ àdá. Twi tí wọ́n bí i sí ló fi bú ọkùnrin náà, ó lé e dé ojú ọ̀nà Ẹ̀rúnmu. Oṣù keje ni mo tó yọjú, òjò ti bo gbogbo ilẹ̀ náà, ó tutù minimini bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi fi bí òun ṣe lé ọmọ Gánà náà pa ìtàn fún mi, a jọ ń jẹ àgbàdo. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé òjò nìkan ni mo lè bá débẹ̀.

Ohun tó tẹ̀ lé e, n kò ní fa á gùn. Ọ̀rẹ́ mi ti gba lẹ́tà ìgbaniwọlé sí Pólì, kò lọ. Ó kọ́ mọ́tò, ó wa ọkọ̀ gẹdú fún ọdún 19. Lọ́dún 1986, ìjọba tú Kòkó Bọ́ọ̀dù ká, kò sì pẹ́ tí owó kòkó fi ju ìlọ́po méjì lọ. Gbogbo ẹni tó ní oko lágbègbè náà pààrọ̀ páànù, Bàbá ń gbin pákí. Wọ́n kú ní 1994. Nígbà tí ìgboro Ìbàdàn ń ya bọ̀ láti ọ̀nà Alákíà, ẹbí gé ilẹ̀ jíjó náà sí pulọ́ọ̀tì, wọ́n tà á. Bó bá jẹ́ oko kòkó tó ń so ni, ta ni yóò tà á? Ní 2024, òdá àti àrùn ba kòkó jẹ́ ní Gánà àti Côte d'Ivoire, tọ́ọ̀nù kan sì kọjá dọ́là 10,000 lọ́jà àgbáyé. Ọ̀rẹ́ mi pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ kan, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, “Tíṣà, bá mi ṣírò àpò 14.” Mo ṣírò rẹ̀ fún un. N kò sùn lóru ọjọ́ yẹn.

Oṣù kìn-ín-ní ọdún yìí ni ọmọ rẹ̀ pè mí pé àrùn rọpárọsẹ̀ mú ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Kò sí àwáwí tó lè dúró níwájú ìyẹn. Mo lọ. Mo rí ìrókò ẹ̀yìn ilé wọn: kò ní ewé kan lára, ẹ̀ka rẹ̀ dà bí ọwọ́ arúgbó. Àràbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ti ń tú òwú, òwú náà ń fò kiri bí ìyẹ́ adìẹ tí wọ́n ń tu. Ọsàn kún abẹ́ igi, àgbálùmọ̀ ti pọ́n. Odò tó ń gbé mọ́tò lọ nínú oṣù kẹsàn-án, ẹsẹ̀ ni mo fi fò ó. Lékelèké sì wà nílẹ̀ ní tòótọ́, wọ́n tẹ̀ lé àwọn màlúù bí ọmọ ilé ìwé tó ń tẹ̀ lé olùkọ́. Ó lẹ́wà. N kò rò pé yóò lẹ́wà.

Ọ̀rẹ́ mi rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Háà, Tíṣà nígbà ọyẹ́! Àbí wọ́n ti sọ fún ọ pé mo fẹ́ kú ni?”

Ó gbin kòkó díẹ̀ sórí ilẹ̀ tó kù lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Kò lè rìn débẹ̀ mọ́, ó ní kí n bá òun wò ó bóyá àwọn ọmọ ti la ọ̀nà iná yí i ká. Mo lọ, mo bọ̀.

“Wọ́n là á?”

“Wọ́n là á.”

“Ó fẹ̀?”

“Ó fẹ̀ dáadáa.”

“Láti ọdún iná Kófì, ọyẹ́ kan ò kọjá kí n má là á.”

Mo ní, “Kófì kọ́.” Ó ní kí ni Kófì kọ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Ìyàwó rẹ̀ ń gúnyán lẹ́yìnkùlé, ó gún un tán, ó kọ́ ọ, ó gbé e wá, oúnjẹ tutù níwájú wa. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí.

“Odò ńkọ́? Ṣé odò jìnnà ni?”

N kò rí èsì.

Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, ó ní, “Iná yẹn, gbogbo wa ti yá a tán. Bàbá yá a, èmi náà yá a. N ò ní bá ọ ṣẹjọ́ lórí kòkó, àgbà ti dé sí wa. Ṣùgbọ́n o jẹ́ kí n yọ àdá sí ọmọ ọlọ́mọ. O jẹ́ kí Bàbá kú pẹ̀lú owó alágbàṣe lọ́wọ́. Ìyẹn kì í ṣe tèmi láti fi jì ọ́.” Ó pe ọmọ ọmọ rẹ̀, ó ní kó gun àjà, kó gbé àpótí kan wá.

Wọn ò dáná sun ún. Wọn ò tà á. Bàbá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án títí wọ́n fi kú, n kò sì mọ ohun tí wọ́n mọ̀ nínú ara wọn. Ṣẹ́ẹ̀tì méjì ló wà nínú rẹ̀, ìwé Bíbélì kan lédè Twi, àti fọ́tò obìnrin kan tó gbé ọmọ lọ́wọ́. Ẹ̀yìn fọ́tò náà, wọ́n kọ Techiman sí i, àti 1979.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín. Bí ẹ bá ní ọ̀rẹ́, àna tàbí oníbàárà ní Techiman, tàbí níbikíbi ní Gánà, ẹ bá mi bi wọ́n bóyá wọ́n mọ ọkùnrin kan tó ṣe àgbàṣe kòkó lẹ́yìn Ẹ̀rúnmu, nítòsí Ìbàdàn, láti 1981 di ìdájí ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983. Ó ga, ó ń tiro díẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, ó mọ ẹmu dá. Ọmọ inú fọ́tò náà á ti tó ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ báyìí. Ẹ sọ fún un pé àpótí bàbá rẹ̀ wà níbi tó gbé e sí. Owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, kì í sì í ṣe náírà 240. Kó wá nígbà òjò tàbí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èyí tó bá wù ú. Kò sẹ́ni tí yóò yọ àdá sí i.